Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó ní Suwanee

Bàbá mi, ẹni tèmi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò kọ̀wé. Atlanta dára. Òtútù ti ń lọ, lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi ti bo gbogbo mọ́tò, mo sì ń sín láti àárọ̀. Màmá ní kí n kí yín. Wọn kò mọ̀ pé mo ń kọ̀wé o, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọ́n á ní kí n kí yín, kí n sì bi yín léèrè ibi tí ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sí.

Mo tún ka ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn tí ẹ fi ń kọ́ wa ní kíláàsì ní Ìlárò. Èyí tí ọkùnrin kan ti di olówó nítorí obìnrin, tó wá gba ilé ńlá kan sí òdìkejì omi tó dojú kọ ilé obìnrin náà, tó ń se àsè fún àwọn tí kò mọ̀ rí, bóyá obìnrin yẹn á ṣèèṣì yà wọlé. Obìnrin náà sì ti wà nílé ọkọ. Bí ẹ bá ti kà á débẹ̀, ẹ máa ń bọ́ awò ojú yín, ẹ ó fi etí bùbá nù ún, ẹ ó ní kò sí wàhálà kankan nínú ìwé náà tí alárinà gidi kan kò lè yanjú. Ẹ ní ọmọdé ni alárinà tó lò. Ẹ ní ká ní ìyá àgbà kan ló rán ni, ìwé náà kì bá tí ju ojú ewé mẹ́wàá lọ. Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain. Mojí ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ará Ìlárò bíi tiwa, bàbá tirẹ̀ náà ti kú. Bó bá ń kọrin, á dà bíi pé ó ń bá ẹnì kan jà. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, á sì máa jẹ ẹ̀pà nínú mọ́tò mi títí èèpo á fi kún ilẹ̀. N kì í gbá èèpo náà.

Ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń rí. Bí àpọ́n bá gbé obìnrin sí mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ti máa bèèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ayé pé àbúrò mi ni. Mo sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo sọ ọ́ fún Màmá Tóbi, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mo ní kí n fi bojú ná títí màá fi di ẹni tó ní ilé tó ní ọ̀nà. N kò rò ó pé Mojí náà ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ràn ilé ìdáná tí oòrùn máa ń wọ̀ láàárọ̀. Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bá lọ wá ilé rà ní Suwanee. Ẹ rántí pé ìmọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀ ni mo kà ní pólì. Mo mọ̀ pé yàrá mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ẹni tó ní búrọ́ọ̀ṣì eyín kan. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ jìnnà sí College Park, níbi tí mo ti ń bójú tó ẹrù ọkọ̀ òfuurufú. Mo yẹ ilé náà wò bí ẹni tó mọṣẹ́: mo dúró ní ilé ìdáná láàárọ̀, oòrùn wọlé, mo buwọ́ lùwé.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹgbẹ́ akọrin wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n jẹ ìrẹsì mi dáadáa. Àwọn tí kò lóhùn náà di akọrin. Mojí nìkan ni kì í rí àyè wá, bí mo bá ti gbé e délé lẹ́yìn ìsìn, iṣẹ́ ló ń lọ. Bàbá mi, ṣé ẹ ń wò mí nígbà yẹn? Ṣé ẹ bọ́ awò ojú yín?

Ó wá nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, òun nìkan. Ó dúró ní ilé ìdáná, ó na ọwọ́ sínú oòrùn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

“Bọ̀dá mi, ilé yìí mà dára o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èmi àti Káyọ̀dé. Wọn ò lè wá tọrọ ìyàwó nínú yàrá tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta ń sùn, àbí? Ẹ̀yin náà lẹ máa dúró bí ẹbí mi. Ta ni mo tún ní ní Amẹ́ríkà?”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo bi í bóyá ó máa jẹ ẹyin.

Káyọ̀dé ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń jẹ ìrẹsì mi, òun nìkan ló máa ń dúró fọ abọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹbí ọkọ kún pálọ̀ mi. Wọ́n gbé fóònù ti ike omi kí ìyá Mojí lè máa wò wá láti Ìlárò. Màmá Tóbi ni alága. Ó ní kí Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀. Káyọ̀dé dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ará ilé ìyàwó kì í kéré lójú àna. Ó nà gbalaja níwájú bàtà mi.

“Ẹ̀gbọ́n ìyàwó,” Màmá Tóbi ní, “ẹ ti gbọ́ ẹnu wọn. Ṣé ẹ gbà fún wọn, àbí kí wọ́n wa mọ́tò wọn padà?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ìdáhùn. Èmi nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo lè sọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo wo Mojí. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó di etí ìró rẹ̀ mú, ẹ̀rù ń bà á. Kò mọ ohun tó wà ní ọkàn mi. Kì í ṣe ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni, tó ń dúró kí ẹnì kan bá a gba ẹnu bàbá náà sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ẹ̀rù yẹn. Mo ní tèmi nílé.

“Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni?” Ìyá rẹ̀ ni, látinú fóònù. “Ẹ gbọn nǹkan yẹn wò!”

“A gbà fún wọn, Mà,” mo ní.

Èmi ni mo máa gbàdúrà kí ọkọ tó dìde. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀; ẹ̀san tí mo gbà kò ju ìyẹn lọ. Mo tọrọ àlàáfíà fún wọn, àti ọmọ, àti mọ́tò tí kì í kú lójú ọ̀nà, àti pé kí wọ́n máa rí ara wọn sọ̀rọ̀. Mo ń wá ibi tí irọ́ wà nínú àdúrà náà títí wọ́n fi ṣe àmín. N kò rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, Bàbá mi?

Mo fẹ́ràn yín púpọ̀. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Èmi ọmọ yín.