Mo Ti Búra ní Kóòtù Nítorí Ìparí Poro

Motọ́lání ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé Ìbàdàn ò ni ọ́ lára? Àwa níbí ní Ìsẹ̀ Èkìtì wà láàyè, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé nítorí rẹ, ó sì ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti kọ ebè tuntun, ewúrẹ́ dúdú yẹn sì bí ìbejì.

Ẹ̀rù ló mú mi gbé gègé. Nígbà tí o pè lórí fóònù lọ́jọ́sí, o ní ọdún mẹ́ta lo ti fi ń wá ìdílé ọ̀rọ̀ kan, "verse" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹsẹ ewì, àti pé inú èdè Látìn ni ilé bàbá rẹ̀ wà. O ní "vers" ni àwọn Faransé àti Jámánì ń pè é, "verso" ni ti àwọn ará Ítálì àti Sípéènì. Mo kọ wọ́n sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, mo wò wọ́n títí. Lóòótọ́, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n Motọ́lání, ta ló rán ọ?

O rántí ilé Akínpẹ̀lú ní àdúgbò wa. Níbi ìpàdé ẹbí ni ẹnì kan ti dìde, tó ní òun ti wádìí, pé bàbá àgbà wọn kì í ṣe ọmọ ilé náà, Ẹmùré ni wọ́n ti mú un wá. Ọdún kẹsàn-án rèé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò kí ara wọn. Ìwọ wá fẹ́ dúró níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ láti gbèjà ìwádìí rẹ ní yunifásítì, kí o máa sọ fún orílẹ̀-èdè márùn-ún pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣé àwọn Faransé mọ̀ sí i? O tún ní bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò bá gbà, wàá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti sọ ọ́ ni oorun ti dá lójú mi.

Látìn pàápàá ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ pẹpẹ ni mí nígbà tí Fadá ṣì ń fi í ṣe Máàsì, a máa ń dá a lóhùn sókè láìmọ ohun tí à ń sọ. Ìwọ wá ní yíyí padà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn: pé ẹni tó ń fi màlúù túlẹ̀, bó bá dé ìparí poro, á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un fún ìlà ewì, tí òun náà ń dé ìparí, tó ń yí padà. Àṣé ọ̀rọ̀ oko wà nínú Látìn látijọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Màlúù yẹn nìkan ni kò yé mi. Èyí tí àwa mọ̀ níhìn-ín, jíjẹ ló ń jẹ oko, kò ro ó rí.

Ṣùgbọ́n ìparí poro, mo mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, mo wọ takisí lọ sí kóòtù ní Ìkẹ́rẹ́ lánàá, mo sì búra. Bọ́sẹ̀dé tó ń tẹ ìwé ìbúra níbẹ̀ bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ìjà ilẹ̀ ni àbí ìwé ẹ̀rí ló sọnù. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń bá ọmọ mi fà ní yunifásítì. Ó wo ojú mi, ó tẹ̀ ẹ́: pé èmi, Pius, àgbẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà, jẹ́rìí pé ẹni tó bá ń kọ ebè máa ń yí padà ní ìparí poro, àti pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, má jẹ́ kí omi kàn án.

Bí wọ́n bá ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ, gbé e síwájú wọn. Bí wọn ò bá gbà á, sọ pé ẹni tó búra ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, torí pé mo ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e tí ìyá rẹ yóò fi ṣínu ààwẹ̀. Má fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó níbẹ̀ ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì sọ fún un pé èmi kì í sọ àṣírí fún ẹni tí mi ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ Deborah tó ń ta káàdì fóònù níbí ni kí o fi ránṣẹ́ sí.

Kérésì méjì ti kọjá tí o ò wálé nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Inú yàrá rẹ la wá ń kó kòkó gbígbẹ sí. Ìyá rẹ ní kí n má sọ ìyẹn náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kí wọ́n gbà fún ọ, kí wọ́n sì tún ní kí o lọ wá ìdílé ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọlọ́run tó mú mi dé ìparí gbogbo poro tí mo fi rán ọ nílé ìwé yóò mú ìwọ náà dé ìparí tìrẹ. Bí o bá sì débẹ̀, ọmọ mi, jọ̀wọ́, yí padà sílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Pius