Ọrun Bàbá Tí Ẹ Gbé Lọ

Ilu-Abo, Àkúrẹ́.

Bọ̀dá mi Jíbọ́lá,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò mú yín jù? Màmá ń kí yín láti Oǹdó. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀bọ ń jẹ kòkó wa run. Nígbà tí a pín ogún Bàbá, ẹ mú ọrun, ẹ ní kí n mú ọfà. Mo gbé e mì, nítorí pé ẹ̀gbọ́n lẹ jẹ́. Ojú yín ni Bàbá ṣe ń tẹ igi ọfà kọ̀ọ̀kan lórí orúnkún, tí wọ́n ń sọ èyí tó bá rọ̀ nù, títí wọn yóò fi rí èyí tó le tó agbára ọrun wọn. Ọrun tí mo rà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọfà Bàbá le jù fún un; bí mo bá ta á, apá òsì ló ń yà sí. Ọ̀bọ á wò mí, á máa jẹun lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ọrun padà. Ẹ ní ó bá ògiri pálọ̀ yín mu.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn orúnkún ránṣẹ́ sí Màmá. Ẹ má wulẹ̀ fi ọrun ránṣẹ́ mọ́. Mo ti fi ọ̀bẹ fá gbogbo ọfà Bàbá tín-ín-rín, kí wọ́n lè rọ̀ fún ọrun tèmi. Kò sí ọfà tó máa bá tiyín ṣe mọ́ láyé.

Àbúrò yín,
Akíntúndé