Má Gbé Kọ̀ǹpútà Mi Síta Mọ́

Àbúrò mi,

Ta ló ní kó o gbé kọ̀ǹpútà mi sídìí pàǹtí? Mo ti gbé e wọlé padà láàárọ̀ yìí. Mo tàn án, ó sì jí pépé. O ní ó kọ ọ́ sójú pé àwọn tó ṣe é kò ní máa tì í lẹ́yìn mọ́. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ṣé ó ń ṣubú ni? Òun nìkan ni ẹ̀rọ tí mo fi ń kó iṣẹ́ sáṣọ àwọn oníbàárà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tuntun tó o rà fún mi, tó ò ń fi yangàn, kò tiẹ̀ ní ihò tí wáyà ẹ̀rọ náà lè wọ̀! Òun ló wà nídìí pàǹtí báyìí.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ.

Òjò ti ṣú o.