Ìkòkò Tí Mi Ò Ní Padà Lọ Gbé

Àgùdà, Sátidé, 16 Oṣù Kọkànlá, 1991

Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà lónìí. Omi ọ̀hún dára, àmọ́ ìyá amọ̀kòkò tá a yà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Ìpetumodù ni ò kúrò lọ́kàn mi.

Wọn kì í yí ìkòkò níbẹ̀. Ìkòkò á dúró lójú kan, ẹni tó ń mọ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wá máa fẹ̀yìn rìn yí i po. Ìyá ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo mọ kékeré kan, ẹnu ẹ̀ wọ́.

"Tó bá gbẹ, a máa sun ún. Ìgbà wo lẹ máa wá gbé e, tíṣà?"

Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Irú irọ́ wo nìyẹn?

Nígbà tí mo délé, orí àga ni mo bá ọkọ mi. Kò tiẹ̀ kí mi káàbọ̀. "Látòní lọ, o ò gbọdọ̀ tún kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbì kankan mọ́."

Mo gbé omi fún un. Mo gbé oúnjẹ, mo palẹ̀ abọ́ mọ́, mo nu tábìlì, mo bá a gbé bàtà ẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Òun ò kúrò lójú kan.

Ìyá amọ̀kòkò yẹn ṣáà ń rí ìkòkò nídìí yíyí po tiẹ̀.