Ẹja Tó Ti Rà Ni Mo Sè, Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Mo Dá Lẹ́bi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ ara mi ti rí mi lára. Festac ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, mo sì ní blog kékeré kan tí mo ti ń kọ nípa oúnjẹ. Àwa bíi mẹ́fà la jọ ń ṣe é, a ò rí ara wa rí, àmọ́ a máa ń se oúnjẹ ara wa: tí o bá gbé recipe tìẹ síta, èmi á sè é nílé mi, màá ya fótò, màá kọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ìbàdàn, ẹ jẹ́ n máa pè é ní Sister K. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í pè mí láìfi ma sí i. Ó se ìrẹsì mi, ó yìn ín débi pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá sórí blog mi. Ó wá kan èmi náà láti se tirẹ̀, ẹja yìnyín tí wọ́n fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn sè pẹ̀lú efinrin. Mo ti ṣèlérí pé ọjọ́ Sunday ni màá gbé fótò jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ò sí iná ní close wa, jẹnẹrétọ̀ wa sì ti kọṣẹ́. Inú fíríìsà tó ti dákẹ́ yẹn ni ẹja wà. Nígbà tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo tú nylon rẹ̀... ẹ̀yin èèyàn mi! Òórùn yẹn gbá mi bí ìgbátí. Ẹja ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó ń yọ̀ bí ikun imú, omi dúdú ń kán lára ẹ̀, mo fọwọ́ kàn án báyìí, awọ ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo bì sínú sink. Ṣé kò yẹ kí n dà á nù? Ó yẹ. Àmọ́ mo ní fótò lásán ni mo fẹ́ yà, ta ló máa gbóòórùn fótò? Mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dín in gbẹ, mo da omi àgbọn, curry àti efinrin lé e títí òórùn yẹn fi lọ sábẹ́. Ó rẹwà nínú fótò. Mi ò fi kan ahọ́n o, mo fẹ́ lọ dà á nù ni, Ọlọ́run ń gbọ́.

Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wọlé, Àǹtí Alákijà là ń pè wọ́n torí ibẹ̀ nilé wọn wà. Wọ́n ti máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ inú kọ̀ǹpútà ò lè yó ọkọ. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n ní, “Ìyàwó, èyí mà ń ta sánsán o! Bù ú wá.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ó ti rà? Ojú tì mí... mo bù ú. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n bù sí i, wọ́n ń fa orí ẹja mu, wọ́n ń lá ìka, èmi jókòó síwájú wọn, mò ń wò wọ́n. Wọ́n ní kí ló dé tí mi ò jẹun, mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ o!

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lórí drip ní hospital kan lọ́nà Kúje tó wà nítòsí wa níbí. Nígbà tí ọkọ mi bi mí ohun tí mo sè, ẹ̀rù bà mí, mo ní recipe Sister K ni. Kò tán síbẹ̀ o... mo lọ sí cybercafe, mo kọ ọ́ sórí blog pé mo tẹ̀lé recipe yẹn step by step, ó sì gbé èèyàn mi dé hospital. Àwọn tó ń ka blog wa bú ọmọ yẹn, wọ́n pè é ní apààyàn. Ó yọ gbogbo recipe ẹ̀ kúrò. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ń bi mí bóyá àgbọn yẹn ló kan, bóyá òun ni ò kọ ọ́ kó yéèyàn... èmi náà sì dáhùn pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irú èèyàn wo ni mí?

Àǹtí Alákijà ti gbádùn, ọpẹ́ ni. Àmọ́ mi ò lè jẹ ẹja mọ́. Mo ti fi bleach fọ kitchen, mo ti ju ìkòkò yẹn nù, mo ṣì ń gbóòórùn ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá wo dígí, ó ń ṣe mí bíi kí n tutọ́.

Èyí tó wá burú jù nìyí: Sister K ní òun ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Saturday, òun fẹ́ wá kúnlẹ̀ bẹ Àǹtí Alákijà. Àǹtí ní kó máa bọ̀, wọ́n ti pe obìnrin méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé kí wọ́n wá wo ojú ẹni tó fẹ́ pa àwọn. Ọkọ mi ló máa lọ fi mọ́tò gbé e ní Mile 2. Ṣé kí n pe ọmọ yẹn kí n jẹ́wọ́ kó tó wọkọ̀? Àbí ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Tó bá gbọ́ pé mo mọ̀ kí n tó bù ú fún ẹ̀gbọ́n òun ńkọ́? Ṣé kò ní lé mi? Láàárọ̀ yìí Sister K fi text ránṣẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi bẹ Àǹtí sílẹ̀ kí n tó dé. Mo ti fèsì pé màá bá a bẹ̀ wọ́n. Ọ̀la ni Friday... ẹ̀yin èèyàn, kí ni kí n ṣe?