Fóòmù Orí Ọkọ̀ Godswill

Ìdí-Àpáta, lápá Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé.

Babárìndé, Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ ńkọ́, àwọn aráalé yín ní Ìgando ńkọ́, títí kan ìyá onílé tó máa ń ti géètì mọ́ àlejò? Ọlọ́run tó jí ọ lónìí yóò tún jí ọ lọ́la. Ọ̀nà tí o bá gbà jáde, ayọ̀ ni wàá fi gbà á wọlé. Mo ti bá ọ ṣe àmín rẹ̀, torí mi ò sí nítòsí láti gbọ́ tìrẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìgando kì í gba àdúrà. Ó pẹ́ tí mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ iṣu tàbí ọ̀rọ̀ òjò, ohùn rẹ á máa dún ketekete, ṣùgbọ́n gbàrà tí mo bá ti pe Olúwa báyìí, wàá ní o ò gbọ́ mi mọ́, fóònù á sì kú. Mo bi Tòún tó ń ta káàdì lẹ́nu ọjà bóyá wọ́n ní èyí tó lágbára tó lè gbé àdúrà dé Èkó, ó kàn ń wò mí ni. Mo wá rò ó pé ìwé kì í já láàárín ọ̀rọ̀, Godswill ọ̀rẹ́ rẹ, tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí, sì ti gbà láti mú un wá fún ọ.

Ó dé o, Godswill yẹn. Ní Sátidé, mo wà níwájú ilé tí mò ń bó ẹ̀gẹ́, ni mo rí ọkọ̀ kékeré kan tó ń bọ̀, tó ru fóòmù mẹ́ta lórí. Fóòmù tó ki bí àpò ìrẹsì, tí wọ́n fi aṣọ dúdú tó le bí tapólì bò, tó sì ní okùn ìgbékọ́ bíi báàgì ọmọ ilé-ìwé. Mi ò rí okùn tí wọ́n fi dì í. Ọwọ́ ni wọ́n fi dì í mú láti ojú fèrèsé, Godswill ń fi ọwọ́ kejì wa ọkọ̀. Ó ní Dopemu lòun ń gbé, pé Naomi tó jókòó ti òun, ará Ìṣẹ̀rí-Olófin ni, pé ìwọ lo ni méjì nínú fóòmù náà, àti pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o bá wọn wá, ìwọ lo ní kí wọ́n yà kí mi. Wọ́n kí mi dáadáa, Naomi kúnlẹ̀ wọlẹ̀.

Okùn tí wọ́n rà ní Ìkòtún ló já lẹ́yìn Iléṣà. Wọ́n ní atẹ́gùn ṣí fóòmù kan gbé, ó fò lọ balẹ̀ sínú oko ẹnìkan. Kí wọ́n tó sáré débẹ̀, bàbá olóko ti jókòó lé e, ó ní ohun tó bá ti òkè bọ́ sínú oko òun, Ẹni tó wà lókè ló fi ta òun lọ́rẹ, pé ìbàdí tó ń dun òun tiẹ̀ ti ń fúyẹ́. Ìgbà tí Naomi bẹ̀ ẹ́ tí omi lé sí i lójú ni bàbá tó dìde.

O mọ̀ mí, abèèrè kì í ṣìnà. Mo ní kí lẹ ń fi fóòmù ṣe. Godswill ní ẹ máa ń gbé e lọ síbi òkè ni, pé ní gbogbo Sátidé tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, ẹ ó dì í sórí ọkọ̀, ẹ ó wá òkè tàbí àpáta kan lọ, ẹ ó sì wà níbẹ̀ látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Orí mi wú. Ta ló ń gbé ibùsùn lọ sórí òkè bí kò ṣe ẹni tó ń lọ gbàdúrà? Àwa náà kì í gbé ẹní lọ síbi ìsọjí orí òkè bí? Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, tí o dúró létí sàárè tí o ní gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a bẹ̀ lórí àìsàn yẹn, Ọlọ́run gbọ́, Ó sì dákẹ́, pé o ò tún ní bẹ̀ Ẹ́ ní nǹkan kan mọ́ láyé, ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ. Ọ̀rọ̀ orí òkè yìí ló mú un balẹ̀. Mo bọ́ sínú yàrá, mo wọ sùtánà, mo mú àbẹ́là, agogo àti omi àdúrà, mo ní kò sí ibi tí wọ́n ń lọ tí mi ò ní bá wọn dé.

Okùn kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni èyí tí Bàbá Adéṣọlá fi so òbúkọ rẹ̀ mọ́ ìdí ọsàn wa, mo tú u fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọlé jókòó. Godswill fi okùn náà gba orí fóòmù, ó tì í wọlé lójú fèrèsé kan, ó fà á yọ lójú fèrèsé kejì, ó so ó tán, kò sí ilẹ̀kùn tó tún ṣeé ṣí. Ojú fèrèsé lòun àti Naomi gbà wọlé. Mo béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà ṣe máa ń wọkọ̀, Naomi ní ìwọ lo kọ́ àwọn. Èmi náà na ọwọ́ jáde, mo di fóòmù mú, torí okùn òbúkọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọkàn tán.

Bí àwọn ará àdúgbò ṣe rí mi nínú sùtánà tí wọ́n rí fóòmù lórí ọkọ̀, ó parí, wọ́n ní mo ti ń kó lọ sí Èkó nìyẹn. Bàrákàt ilé kejì sáré tẹ̀lé wa tẹkúntẹkún pé mò ń lọ mi ò dágbére, ó sì tún ń béèrè bóyá òun lè máa dáná nínú ààrò mi. Mo ń ṣàlàyé láti ojú fèrèsé, kò gbọ́. Nígbà tí a fi máa padà dé, ó ti gbé ìkòkò ka ibẹ̀.

Àpáta ẹ̀yìn odò, èyí tí à ń sá làfún lé, ni wọ́n ń lọ. Bí a ti débẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà. Mo ní ẹ̀hẹ́n, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ mímọ́ ni. Kò pẹ́, wọ́n tún ki ẹsẹ̀ bọ bàtà mìíràn tó fún wọn débi pé Naomi ń dijú. Wọ́n pa nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú mọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ fóòmù sídìí àpáta, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ lé e, wọ́n kàn ń wo òkúta ṣáá. Mo tan àbẹ́là, mo sì lu agogo díẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá ni Naomi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gun ojú àpáta. Mo ní kó má pa ara rẹ̀ lára, ọ̀nà wà lẹ́yìn, ibi tí àwọn ọmọdé ń gbà gòkè lọ kó làfún. Wọ́n ní àwọn ti rí i, àwọn ò fẹ́ ti ẹ̀yìn ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó rí ọ̀nà tó tẹ́jú tó lọ ń gun ògiri rí. Èmi gba ẹ̀yìn, mo gòkè, mo jókòó ti làfún Ìyá Fẹ́kọ́mi, mò ń retí wọn. Wọn ò dé. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀, bí Naomi ṣe já bọ́ nìyẹn, gbì, sórí fóòmù! Mo pariwo Jésù, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Godswill ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún ṣubú.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni àdúrà máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wojú ara wọn. Godswill wá rọra sọ fún mi pé ẹ kì í gbàdúrà níbẹ̀, eré ìdárayá ni, gígùn náà lẹ kàn ń gùn ún. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí. Mo pa àbẹ́là, mo jókòó sórí fóòmù rẹ, mo sunkún díẹ̀, torí láti ilé ni mo ti ń dúpẹ́ pé o ti padà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i pé bí Naomi bá ti wà lókè, Godswill kì í wo ibòmíràn, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa fi ẹsẹ̀ sún fóòmù tẹ̀lé e. Mo béèrè ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ. Ó ní òun ni. Ó sì sọ nǹkan kan lé e, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n ti sọ ti owó kí n má baà gbàgbé.

Òbúkọ tí mo tú sílẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó jẹ gbogbo òdòdó orí pẹpẹ. Bàbá Adéṣọlá ń béèrè okùn, Wòlíì ń béèrè òdòdó, ọwọ́ tí mo fi di fóòmù mú sì ń béèrè róòbù. Jọ̀wọ́ fi nǹkan ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún ìyá rẹ. Má fi sí báǹkì o. Ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mo dúró tì í títí pé á pọ̀ ọ́ jáde, kò pọ̀ ọ́, àwọn ọlọ́dẹ ló lé mi lọ sílé.

Ohun tí Godswill sọ nìyí. Ó ní kí o tó gun òkúta èyíkéyìí, o máa ń fi iwájú orí tì í, wàá dijú, ètè rẹ á máa mì díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wàá tó gbé ẹsẹ̀. Mo bi í pé kí lo máa ń sọ. Ó ní òun ò mọ̀, òun ò bi ọ́ rí. Babárìndé, o mọ ẹnu mi. Kò sí ohun tí mi ò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, títí dórí irú ọṣẹ tí Naomi fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí, èmi náà kò ní bi ọ́.

Kí òkúta má yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ojú Godswill má kúrò lára rẹ. Ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kó máa gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Babárìndé.