Páìpù Keje

Màmá mi,

Òtútù Kánádà kò tíì borí mi. Mo rí fọ́tò yín nílé Táyọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rín yín dùn ún wò.

Ẹ ó rántí páìpù irin méjìlá tí mo rà fún ilé yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ni mo ṣe ní kí wọ́n gbẹ́ ihò tóóró dé orí àpáta nísàlẹ̀, kí wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé e, kí ilé lè di àpáta mú. Èmi fúnra mi ni mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára kí n tó padà síbí. Àbúrò mi Táyọ̀, tó bójú tó iṣẹ́ náà, ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ ti wọlẹ̀. Ulé Màmá ò lè ṣubú láéláé!"

Lẹ́yìn yín nínú fọ́tò yẹn, páìpù keje ló gbé táǹkì omi Táyọ̀ dúró, ìkẹjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má bá a jà. Kí òjò tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó lọ sọ́dọ̀ Gbémisọ́lá ọmọ yín. Ẹ ní àárò àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń sọ yín.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kí Táyọ̀ náà, ẹ ní mo ní táǹkì rẹ̀ ò lè ṣubú láéláé.

Ọmọ yín,
Olúṣọlá